Ṣé kí Bàbá wa wo àṣekágbá lọ́jọ́ Àìkú, àbí ká gbé tẹlifíṣọ̀n pamọ́ fún wọn?

Ọmọ_Òkè_Àjẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ọjọ́bọ̀, 8 Èrèlé 2024, aago 7:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú oríire àná. Ohùn mi ti há, mi ò sì sùn tó wákàtí mẹ́ta, àmọ́ kì í ṣe ayọ̀ nìkan ló gbé mi dé ibí lówùúrọ̀ yìí.

Bàbá wa ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà tí Super Eagles ti wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà yìí ni ojú wa ti wà lára Bàbá. Ti Kamẹrúùnù, tí Lookman gbá góòlù méjèèjì wọlé, kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àmọ́ lọ́jọ́ Àǹgólà, tó jẹ́ góòlù kan ṣoṣo la dì mú, láti nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́rin ni Bàbá ti dìde, wọn ò sì jókòó mọ́ títí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Èmi àti àbúrò mi obìnrin bá forí korí, a ní tó bá di ti Gúúsù Áfíríkà lọ́jọ́ Wẹ́sídé, Bàbá ò ní wò ó.

A parọ́ fún wọn. A ní owó dikódà ti tán, àti pé ó di òpin oṣù ká tó san òmíràn. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n gbé rédíò wọn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwa yòókù jókòó sí pálọ̀, a yí ohùn tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ pátápátá, à ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ń jalè.

Ohun tí a ò rò ni pé rédíò yá ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Nígbà tí wọ́n gbé Osimhen ṣubú, tí a rí pẹnáritì, Troost-Ekong ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lójú tiwa ni a gbọ́ igbe Bàbá láti inú yàrá: "Ó ti wọlé o!" Àwa náà kígbe nígbà tó wọlé lójú wa, ni àṣírí bá tú. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Wọn ò sì jáde.

Ìgbà tí Osimhen gbá èkejì wọlé ni ọ̀rọ̀ wá burú. Gbogbo àdúgbò hó. Ká tó jókòó padà, iná ti lọ, bátìrì rédíò Bàbá náà sì ti ń kú lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ní ilé ìwòran tó wà lẹ́yìn wa, níbi tí wọ́n ti ń lo jẹnẹrétọ̀, ariwo ayọ̀ yẹn ṣàdédé dákẹ́, bí ìgbà tí wọ́n da omi sí iná. Lẹ́yìn náà la ń gbọ́ "Rárá o! Rárá o!" Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n di ògiri mú. "Kí ló dé? Ta ló gbá a wọlé? Àbí èèyàn ló ṣubú?" Mo tan iná fóònù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, mi ò rí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú bàbá mi rí.

Fóònù àbúrò mi la fi wo ìyókù. Bàbá jókòó sáàárín wa, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n wo àfikún àkókò, wọ́n wo káàdì pupa Kekana, agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà, wọ́n wo pẹnáritì. Nígbà tí Nwabali, gólì tiwa, gba ti Mokoena, wọ́n mí kanlẹ̀. Nígbà tí Aina gbá tiwa sójú ọ̀run, wọ́n ní "Kò burú, ọmọ mi, kò burú," bíi pé ọmọ náà ń gbọ́ wọn ní Bouaké. Iheanacho gbá ti ìkẹyìn wọlé, Bàbá rọra dìde, wọ́n lọ mu omi.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ka 170 lórí 100. Láàárọ̀ yìí ó ti wálẹ̀ sí 142 lórí 86.

Àṣekágbá pẹ̀lú Ivory Coast ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyá wa ní Bàbá ò gbọ́dọ̀ wò ó. Èmi ò mọ èwo ni kí n ṣe mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)
Ọjọ́bọ̀, aago 7:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmójútó Bàbá. Ọlọ́run á bá wa dá ẹ̀mí wọn sí.

Èmi wà nílé ìwòran, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, a sì há mọ́ra bí ẹja inú agolo. Ìjọba ìgbéraga ló wà níbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ Grammy tí Tyla, olórin Gúúsù Áfíríkà, gbà mọ́ Burna Boy àti Davido lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé orí pápá la ti máa gbẹ̀san.

Nígbà tí góòlù kejì wọlé, bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé fọ́. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí gbé mi sókè. Ìgbà tí mo padà wo tẹlifíṣọ̀n, rẹfirí ń sáré lọ síbi ẹ̀rọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fúsáìdì ni. Lójijì wọ́n ní pẹnáritì, kì í sì í ṣe fún wa! Ẹ jọ̀ọ́, títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń dùn mí. Góòlù wọlé ní ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, wọ́n wá fi ìyà rẹ̀ jẹ wá níbí. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀?

---

Rẹfirí_Ṣágámù
Ọjọ́bọ̀, aago 9:05 àárọ̀

Àbúrò mi Akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo máa ń fọn fèrè nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ níbí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe rí, nítorí mo gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní Sábó láàárọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ.

Kí Osimhen tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, inú bọ́kìsì tiwa ni bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀. Níbẹ̀, Alhassan Yusuf tiwa tàsé bọ́ọ̀lù, ó gbá ẹsẹ̀ Percy Tau tiwọn. Rẹfirí ò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀, kò fọn fèrè, ló fi jẹ́ pé eré ń lọ. A gbé bọ́ọ̀lù náà sáré, ó di góòlù. Àmọ́ láti ìgbà tí Tau ti ṣubú títí di ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, eré ò dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó dúró ni àwọn tó wà nídìí VAR, ẹ̀rọ fídíò tó ń ran rẹfirí lọ́wọ́, tó lè pe rẹfirí pé kó wá wo ohun tó sá a lójú. Ó wò ó, ó rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá sì ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ti di asán, góòlù náà sì wà lára rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè fún wọn ní pẹnáritì kó tún fún wa ní góòlù.

Ó dun èmi náà. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Àmọ́ òfin ló tẹ̀ lé.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kíyè sí. Nítorí pé wọ́n ti lé Kekana jáde, èèyàn mẹ́wàá ló kù fún wọn nígbà tó di pẹnáritì. Òfin ní kí ikọ̀ tó pọ̀ jù yọ ẹnì kan kúrò kí iye wọn lè dọ́gba, torí náà àwa náà ní láti yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tó máa gbá a. Ẹni tí ń ka orúkọ nílé ìwòran wa ò mọ èyí, ó ní wọ́n ti fẹ́ rẹ́ wa jẹ lẹ́ẹ̀kejì.

---

Bàbá_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ọjọ́bọ̀, aago 10:31 àárọ̀

Ọmọ_Òkè_Àjẹ́, mo kí ọ. Ọmọ dáadáa ni ọ́, ìfẹ́ ló mú ọ parọ́. Àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ mọ́.

Èmi náà ti lé ní àádọ́rin, mo sì ń lo oògùn tí wọ́n ń lò. Ṣé o mọ ohun tí ẹ ṣe sí wọn ní alẹ́ àná? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ariwo láìmọ ìdí rẹ̀. Kò sí ohun tó ń já àgbà láyà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wo pẹnáritì, ó mọ ìgbà tí ẹni náà máa gbá a, ó lè di ojú, ó lè yí orí padà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ò lè ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á máa ro ohun tó burú jù.

Ní 5 Agẹmọ 1994, tí a pàdé Ítálì ní ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ ti Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, bátìrì mọ́tò la fi ń wo tẹlifíṣọ̀n dúdú-òun-funfun níwájú ilé mi. Amunike ti gbá tiwa wọlé. Wọ́n ti lé Zola tiwọn jáde. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì kí ó parí, Baggio dá a padà. Ní àfikún àkókò, ó tún gbá pẹnáritì wọlé. Gbogbo wa rí i papọ̀. A sunkún papọ̀, a sì jẹun papọ̀ lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó kú.

Ti ọdún 2000 ló ń dùn mí jù. Àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà pẹ̀lú Kamẹrúùnù, ní Surulere níbí, 2-2, ó di pẹnáritì. Ikpeba gbá tirẹ̀, ó ba igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó sì jáde. Ó wọlé! Gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, rẹfirí nìkan ni kò rí i. Wọ́n nà wá ní 4-3. Kò sí VAR nígbà náà. Nítorí náà, ọmọ mi Akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn gba góòlù lọ́wọ́ wa lánàá, mo rántí pé ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn náà nìyẹn. Mi ò lè wá bú u nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ló yà sí lọ́tẹ̀ yìí.

---

Ọmọ_Màkún (Ṣágámù)
Ọjọ́bọ̀, aago 12:18 ọ̀sán

Ẹ dákun, Bàbá, mi ò fẹ́ ta ko yín, ẹ̀yin lẹ jù wá lọ. Àmọ́ ìròyìn tó ń jáde lónìí ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní àwọn kan kú níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù yẹn, ẹnì kan nínú wọn ti ṣe aṣòfin rí láti ìpínlẹ̀ Delta. Wọ́n tún dárúkọ ọ̀dọ́ kan tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Adamawa. Bọ́ọ̀lù kan náà, alẹ́ kan náà.

Ọmọ_Òkè_Àjẹ́, bó bá jẹ́ bàbá tèmi ni, màá mú wọn lọ sí abúlé. Ife á wà lọ́dún mìíràn.

---

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹru
Ọjọ́bọ̀, aago 1:02 ọ̀sán

Ní tèmi o, orí káńtà ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Fóònù ọmọ mi ni mo fi ń wò ó, ó sì ń dúró, ó ń yí bírí bírí. Ìròyìn tí ọkọ mi ń tẹ̀ ránṣẹ́ látibi iṣẹ́ ló ń dé ṣáájú. Ó tẹ̀ "Ó TÁN" ránṣẹ́, fóònù mi ṣì wà ní orí pẹnáritì ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò mọ̀ bóyá a jẹ ni àbí wọ́n jẹ wá! Oníbàárà tó wá ra gààrì ló dì mí mú. Mo gbà pé òótọ́ ni Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó sọ. Àìmọ̀ yẹn le.

---

Nọ́ọ̀sì_Rẹ́mọ (Ìlíṣàn)
Ọjọ́bọ̀, aago 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì fẹ́ kí Ọmọ_Òkè_Àjẹ́ fara balẹ̀ ka tèmi.

Ẹ̀rù tó ń ba Ọmọ_Màkún kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà Ife Àgbáyé 2006 ní Jámánì, àwọn dókítà ní Munich àti agbègbè rẹ̀ ka iye àwọn tí wọ́n sáré gbé nítorí àìsàn ọkàn. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2008. Lọ́jọ́ tí ikọ̀ Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye náà jẹ́ ìlọ́po 2.66 ti ọjọ́ lásán. Ti àwọn ọkùnrin tó 3.26, ti obìnrin 1.82. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì bọ́ sáàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ọkàn wọn ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ ló kàn jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tó ga jù ni ọjọ́ tí wọ́n pàdé Ajẹntínà ní kọ́tà fáínà. Ẹ gbọ́ ibi tó yani lẹ́nu: 1-1 ni wọ́n gbá, pẹnáritì sì parí sí 4-2. Bí tiwa ti àná gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, ewu wà. Àmọ́ gbígbé tẹlifíṣọ̀n pamọ́ kì í ṣe oògùn rẹ̀, torí ẹ ò lè gbé ariwo Ìjẹ̀bú-Òde pamọ́. Ohun tí mo máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ẹni tó gbàgbé oògùn ní ọjọ́ bọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù. Ó ní òun á lò ó lẹ́yìn ìdajì àkọ́kọ́, ó bá di ọ̀gànjọ́. Ẹlòmíràn á ti jẹ súyà oníyọ̀, á ti mu ọtí, á ti jẹ obì kí oorun má bàa kùn ún. Gbogbo èyí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè kí rẹfirí tó fọn fèrè rárá.

170 lórí 100 yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀ torí pé ó ti wálẹ̀. Ẹ mú Bàbá lọ rí dókítà wọn lọ́la Ẹtì, ẹ sọ fún un pé wọ́n fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Kó jẹ́ pé dókítà ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹ̀yin. Bó bá gbà, kí wọ́n lo oògùn wọn ní àsìkò tí wọ́n ti ń lò ó. Kí wọ́n jẹun ṣáájú aago mẹ́jọ, kí iyọ̀ má pọ̀. Kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n tí ojú rẹ̀ á wà lára wọn, kì í ṣe lára Osimhen. Bí wọ́n bá ní àyà ń fún àwọn, tàbí apá tàbí àgbọ̀n ń dùn wọ́n, bí òógùn tútù bá bò wọ́n, bí èémí bá ń há, bí ẹnu bá wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, ẹ má dúró de ìṣẹ́jú kan. Ọsibítù tààrà. Kí epo ti wà nínú mọ́tò láti ọ̀sán, ẹ mọ bí epo ṣe rí báyìí.

---

Ọmọ_Ọ̀dọgbólú_Joburg
Ọjọ́bọ̀, aago 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ilé o. Èmi nìkan ni Nàìjíríà nínú yàrá tí mo ti wò ó, àwa mẹ́tàlá. Ẹ fojú inú wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin nílé ò lè mọ̀. Nígbà tó di pẹnáritì, àwọn èèyàn ibí ti ń yọ̀. Ṣé ẹ rántí pé ní Sátidé ni Ronwen Williams, gólì Gúúsù Áfíríkà, gba pẹnáritì mẹ́rin lọ́wọ́ Cape Verde? Mẹ́rin o! Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sí ẹni tó lè borí Williams nídìí pẹnáritì. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti ń rọra fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ń bá mi kẹ́dùn kí ẹnikẹ́ni tó gbá nǹkan kan.

Èmi nìkan ló ń ronú nípa gólì tiwa. Chippa United, níbí ní Gúúsù Áfíríkà, ni Nwabali ń ṣọ́lé fún. Líìgì kan náà ni òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dojú kọ ọ́ jọ ń gbá. Àwọn ọmọ Mamelodi Sundowns ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ náà. Mokoena tó gbá pẹnáritì wọlé ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, òun náà ló tún kọ́kọ́ jáde fún wọn. Mo wí lọ́kàn mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ ọkùnrin yìí." Ó sì gbà á. Ó tún gba ti Makgopa. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́, mo sì di ẹnu mi mú títí mo fi dé inú mọ́tò mi. Ibẹ̀ ni mo ti kígbe, mo kígbe "Ọ̀dọgbólú o!" bíi pé ìlú mi ló gbá bọ́ọ̀lù náà.

Ọ̀gá mi wá bọ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ lu wá lọ́dún 2019 ní Cairo, ẹ tún lu wá lánàá ní Bouaké, Troost-Ekong yìí kan náà ló gbá góòlù sí wa nígbà méjèèjì. Òótọ́ ló sọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Àgọ́
Ọjọ́bọ̀, aago 8:15 alẹ́

Rẹfirí_Ṣágámù, ẹ ṣeun sà. Mo tún un wò lórí fóònù lẹ́yìn tí mo ka àlàyé yín. Ó gbá ẹsẹ̀ Tau lóòótọ́. Ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ mo ti gbà.

---

Ọmọ_Òkè_Àjẹ́
Ẹtì, 9 Èrèlé, aago 3:30 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Ìyá wa. Nígbà tí mo dé ibi tí Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ obì, wọ́n wo Bàbá, Bàbá sì wo ilẹ̀. Obì ló wà lápò wọn lọ́jọ́ Wẹ́sídé.

Mo bẹ Bàbá nítorí irọ́ dikódà. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín ni." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo bọ́ọ̀lù náà lọ.

A ti lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó fi kún ọ̀kan nínú oògùn wọn, ó ní wọ́n lè wò ó lórí ìjókòó, kí wọ́n máa dìde jáde bí ó bá di pẹnáritì. Bàbá gbà.

---

Bàbá_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹtì, aago 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ó ṣe é. Kí bàbá rẹ, kí o sì ra bátìrì tuntun sí rédíò yẹn.

---

Ọmọ_Òkè_Àjẹ́
Ajé, 12 Èrèlé 2024, aago 8:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀fọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbọ́ ti Bàbá ṣáájú ti bọ́ọ̀lù. Àlàáfíà ni wọ́n wà. 148 lórí 88 lálẹ́ àná lẹ́yìn tó parí, láàárọ̀ yìí 138 lórí 84.

Wọ́n jẹun ní aago méje ààbọ̀: ìkọ́kọrẹ́, Ìyá wa fi ọwọ́ ara wọn sè é, iyọ̀ ò sí nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lo oògùn. Gbogbo wa wà ní pálọ̀, ohùn tẹlifíṣọ̀n ròkè. Nígbà tí Troost-Ekong fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, Bàbá ò dìde. Wọ́n kàn gbá itan mi, ó sì ta mí.

Ní ìdajì kejì, ẹ̀yin náà rí i. Ivory Coast ò jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ gbé. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa, ọmọ tí wọ́n ń pè ní Adingra sì ń ṣe wá bó ṣe fẹ́ lápá òsì. Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ní àwọn fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n sì pẹ́ níta. Àbúrò mi tẹ̀ lé wọn. Ó ní wọ́n kàn dúró lẹ́bàá kànga, wọ́n ń mí atẹ́gùn, wọ́n ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n padà wọlé fúnra wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Haller yọ ẹsẹ̀ síwájú, tó tì í wọlé ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin.

Inú bí mi gan-an, torí a ti na àwọn èèyàn yìí ní 1-0 ní ìpele àkọ́kọ́, Equatorial Guinea tún fi 4-0 nà wọ́n, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tí gbogbo wa sì rò pé wọ́n ti lọ sílé. Mo ń sọ̀rọ̀ kíkan kíkan. Bàbá ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé àrùn jẹjẹrẹ ṣe Haller yìí lọ́dún 2022? Mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà ikú tó padà wá gbá irú góòlù yẹn, ẹ jẹ́ kó yọ̀." Wọ́n dìde, wọ́n kí wa pé ó dàárọ̀, wọ́n lọ sùn. Èmi ni mi ò rí oorun sùn.

Ìyá wa ti ní wọ́n lè máa wò ó láti ìsinsìnyí lọ, bó bá jẹ́ pé gbogbo wa ló wà nílé.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá bi mí léèrè ibi tí pápá Remo Stars wà ní Ìkẹ́nnẹ́, àti bóyá ibi tí àgbà lè jókòó sí wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kígbe góòlù ṣáájú àwọn.

---

Ìkẹ́nnẹ́_Lawa
Ajé, aago 9:26 àárọ̀

Ibi ìjókòó wà, òrùlé sì wà lórí rẹ̀. Ilé wa ò jìnnà sí pápá. Ẹ kàn jẹ́ ká mọ ọjọ́ tí Bàbá bá ń bọ̀, kí ìyá mi lè gbé omi sílẹ̀ dè wọ́n.